Yorùbá Wa Kò Kọjá Ìdodo

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo mọ orí, mo mọ ojú, mo mọ imú, mo mọ ètè, mo mọ ọrùn, mo mọ èjìká, mo mọ àyà, mo sì mọ ìdodo. Ẹ má wulẹ̀ bi mí ní ohun tó wà nísàlẹ̀ ìdodo. Kì í ṣe pé mi ò ní orúnkún o. Méjì ni mo ní, àpá sì wà lára méjèèjì nítorí eré tí a máa ń sá lórí kọnkéré iwájú ilé wa. Orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá ni ilé ìwé wa kò tíì dé.

Gwarinpa ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi ń ṣe, ìyá mi náà sì ń lọ sí ọ́fíìsì tirẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Abuja, ẹ ó rántí bí ó ṣe máa ń rí nínú ilé. Àwọn òbí wa á máa sọ Yorùbá láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọjú sí wa báyìí, òyìnbó ni. Wọ́n ní kí Yorùbá má bàa ba òyìnbó wa jẹ́. Bí wọ́n bá sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí, Yorùbá ni wọ́n ń fi sọ ọ́, èyí ló jẹ́ kí a máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sí ọmọ tí kì í fetí sí àṣírí. Gbígbọ́ la ń gbọ́, a kò lè sọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù. Ìyá mi á mú mi dání lọ sí ọjà ẹja ní Kado, òun á máa yan ẹja, èmi á máa gbé àpò tẹ̀lé e. Bí a bá délé, èmi ni mo máa ń ha ìpẹ́ ẹja nídìí ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé, ìpẹ́ á lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí, àwọn àbúrò mi á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á bo gbogbo fèrèsé, mo sì gbọ́dọ̀ nù wọ́n kí n tó jẹun àárọ̀. Òórùn ẹja díndín àti eruku ọyẹ́ ni mo fi ń rántí ilé wa títí dòní.

Ilé ìwé wa kò gba gbẹ̀rẹ́. Òfin kan wà níbẹ̀ pé ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, wàá kúnlẹ̀, wàá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wàá sì kọjú sí ògiri títí aago á fi lù. Èmi ti kúnlẹ̀ rí nítorí pé mo kígbe "yéè" nígbà tí ilẹ̀kùn há mi níka. Olùkọ́ tó fìyà jẹ mí ní "yéè" kì í ṣe òyìnbó. Ìka ń dùn mí, apá tún ń ro mí, mi ò sì mọ èyí tí màá tìtorí rẹ̀ sunkún.

Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, òfin yìí á lọ sinmi fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Wọ́n á pín kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn tó ń kọ́ Haúsá á jókòó, àwọn tó ń kọ́ Ígbò á lọ sí gbọ̀ngàn, àwa tí à ń kọ́ Yorùbá á gbé àga lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó ìwé sí. Mọ́kànlá ni wá. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn. Gbígbé àga lọ ti gba márùn-ún. Kí ariwo wa tó lọ sílẹ̀, márùn-ún mìíràn ti lọ. Kí a tó kọ ọjọ́ àti àkọlé sínú ìwé, kí a sì fi àmì sórí gbogbo rẹ̀, mẹ́wàá tún ti lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn awakọ̀ tó wá kó àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè níta, àwọn tó ń lọ kírun Jímọ̀ á dìde, ẹ̀kọ́ á sì túká.

Àńtí Bámigbóyè ni olùkọ́ wa. Ọmọ Kàbbà ni, obìnrin gíga tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán ni wọ́n gbà á láti máa kọ́ wa, nígbà tí wọ́n wá rí i pé ó gbọ́ Yorùbá, wọ́n fi ti ọjọ́ Ẹtì kún un. Ètò iṣẹ́ tí wọ́n fún un sọ pé ẹ̀yà ara ni kí a kọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí táàmù bá bẹ̀rẹ̀, a ó mú un láti orí. Bí a bá ti ń sún mọ́ ikùn báyìí, ọlidé á dé, tàbí ìgbáradì fún eré ìje, tàbí ìdánwò. Bí táàmù mìíràn bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ tuntun á ti dé láti Èkó tàbí Kaduna nítorí pé wọ́n gbé bàbá rẹ̀ wá sí Abuja, ètò iṣẹ́ á sì ní kí a ṣe àtúnyẹ̀wò. Ló bá tún di orí. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ń sọ̀kalẹ̀ láti orí, ìdodo la sì máa ń dúró sí ní gbogbo ìgbà.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀kọ́ náà: "Ọwọ́ mi ń dùn mí." Wọ́n ní kí a máa yọ ọwọ́, kí a máa fi ẹ̀yà ara mìíràn sí i. Ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí òun ló kó bá mi.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni ìyá tó bí bàbá mi wá sọ́dọ̀ wa. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ là ń pè é. Ohun tí bàbá mi mọ̀ ni pé orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì fẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá kò gbọ́ òyìnbó rárá. Ó gbé gàrí wá, ó gbé kúlíkúlí wá, ó sì gbé àádùn wá nínú agolo ńlá kan, àádùn tó pupa fún epo, tí ata rẹ̀ máa ń ta díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti gbé e mì tán. Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè mí. Á bá mi sọ̀rọ̀ lọ kánrin, èmi á gbọ́ ìdajì rẹ̀, màá wolẹ̀, màá ní "yẹs, mà". Lọ́jọ́ kan ó sọ fún ìyá mi pé ọmọ dáadáa ni Àbẹ̀kẹ́ o, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni pé àlejò ni òun ń bá gbé.

Ohun tó tún dójú tì mí ni ọ̀rọ̀ Màmá àti màígádì wa. Ọmọ Katsina ni Málàm Sání, kò gbọ́ Yorùbá, Màmá kò sì gbọ́ Haúsá. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni Màmá máa ń gbé àga lọ sí ẹnu géètì láti yá oòrùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ń sọ "sànnu", tó ń dáhùn "yauwa", tó sì ń fi Haúsá díẹ̀ àti ìfọwọ́júwe béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ Málàm. Èmi tí mo lo ọdún mẹ́ta pẹ̀lú ìwé àti bírò, mi ò lè kí ìyá bàbá mi ní kíkí tó gún.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀ kan. Màmá máa ń fún mi ní àádùn kan péré lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Lọ́jọ́ yẹn mo fi ọgbọ́n ọmọdé dé ibi tí agolo náà wà, mi ò sì ka iye tí mo jẹ. Kò pẹ́ tí inú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Àwọn òbí mi wà níbi iṣẹ́. Mo bá fọwọ́ di ikùn mú, mo lọ bá Màmá, omijé ń bọ́ lójú mi, mo kó gbogbo Yorùbá ọdún mẹ́ta jọ. Mo yọ ọwọ́, mo fi inú sí i. Ìrora kò jẹ́ kí n rántí "mí" tó kẹ́yìn. Mo ní, "Màmá, inú mi ń dùn."

Màmá wò mí, ó wo omijé mi, ojú tirẹ̀ náà kún. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní inú mi á máa dùn títí láé, ó ní mi ò ní í rí ìbànújẹ́. Ó rò pé àádùn òun ló dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sunkún ayọ̀. Ló bá ṣí agolo, ó tún fún mi ní ọ̀kan. Mo mi orí, mo fi gbogbo agbára sọ pé inú mi ń dùn gan-an ni. Màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́, ó ń jó lórí ìjókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ibi tó ti ń jó ni mo ti bì sí i láṣọ.

Nígbà tí àwọn òbí mi dé, tí ìyá mi tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi ṣe. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi tú táì ọrùn rẹ̀. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ ìró rẹ̀, ó sá a, ó wá pe bàbá mi jókòó sí pálọ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, mo sì gbọ́ ohun tó sọ.

"Ọmọ tí kò lè sọ fún ìyá bàbá rẹ̀ pé inú ń run òun, ta ni yóò sọ fún nígbà tí ẹ kò bá sí nílé?"

Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí dókítà ní oṣù tó ń bọ̀ kí òun sì máa lọ sílé, nítorí ibi tí àwọn ọmọ òun kò ti lè bá òun sọ̀rọ̀, òun kò rí ohun tí òun ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọnú egungun. Mo fẹ́ràn Màmá. Mo rí i pé oṣù kan péré ló kù fún mi, bí mi ò bá sì lè bá a sọ̀rọ̀ kí oṣù náà tó pé, á lọ, á sì máa rò pé àlejò ni mí.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá Àńtí Bámigbóyè nínú ọgbà ẹ̀fọ́ ilé ìwé, níbi tó ti ń bomi rin tẹ̀tẹ̀. Mo bi í pé, "Àńtí, ìgbà wo la máa dé ẹsẹ̀?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ inú dídùn fún un, tí mo sì sọ ohun tí Màmá wí, ó lóṣòó sídìí ẹ̀fọ́. Ó fi ife bu omi díẹ̀ sídìí tẹ̀tẹ̀, ó ní kí n wò ó. Ó ní bí òun bá kó omi ọ̀sẹ̀ kan jọ, tí òun dà á sórí ẹ̀fọ́ yìí ní ọjọ́ Ẹtì nìkan, omi á ṣàn lọ, ẹ̀fọ́ á sì rọ kí ọjọ́ Ẹtì mìíràn tó dé. Ó ní Yorùbá tí òun ń kọ́ wa, omi ọjọ́ Ẹtì ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n jiyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí àyè gbà: ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ nígbà ìsinmi, lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́bàá pápá, fún ẹni tó bá fẹ́. Abẹ́ igi yẹn nìkan ni Yorùbá kò ti ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Kò sí àga lábẹ́ dóńgóyárò, kò sí àkọlé, kò sí ọjọ́ tí à ń kọ. Ẹní ni Àńtí tẹ́. Ó pa ètò iṣẹ́ tì, ó ń bi wá ní ohun tó ṣe wá ní àná. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ gbogbo ìrora. Orí ń fọ́, inú ń run, ojú ń ta, egungun ń ro, ara ń yún. Lọ́jọ́ kan mo ká ẹsẹ̀ kò jókòó títí, nígbà tí mo fẹ́ dìde, mo ṣubú lulẹ̀. Àńtí ní ẹsẹ̀ mi kú ni. Mo bi í bóyá a máa sin ín, gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Mi ò gbàgbé ẹsẹ̀ tó kú mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Òfin Àńtí ni pé kí a gbé ọ̀rọ̀ kan lọ sílé, kí a fi sọ̀rọ̀, kí a sì gbé ọ̀kan bọ̀. Màmá ni mo máa ń gbé tèmi lọ bá. Á tún un ṣe lẹ́nu mi, á sì fi méjì mẹ́ta kún un, á máa na ọ̀pá rẹ̀ sí ara mi bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ: itan, orúnkún, ojúgun, gìgísẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀. Oṣù náà kò tíì pé tí mo fi tẹlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé àtẹ́lẹsẹ̀, Màmá ní òun kò mọ̀ pé àlejò òun gbọ́ Yorùbá.

Nígbà tí ọjọ́ dókítà pé, ìyá mi ló wa ọkọ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Maitama. Ọlidé àárín táàmù ni, mo bẹ̀bẹ̀ kí n bá wọn lọ. Ìyá mi ṣì wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì nígbà tí nọ́ọ̀sì pe orúkọ Màmá, èmi àti Màmá bá wọlé. Ọmọ Benue ni nọ́ọ̀sì náà. Ó bi Màmá ní òyìnbó pé kí ló ń ṣe é, Màmá bá kọjú sí mi. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá fún un. Ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Orúnkún ń ro mí, Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Ó ti kú. Bí mo bá fi tẹ ilẹ̀, n kì í mọ̀."

Kò sọ ìyẹn fún bàbá mi rí, kó má bàa já a láyà. Ẹ wò ó, bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ìdodo ni mo gbé wọ yàrá yẹn, orúnkún gan-an n kì bá mọ̀ ọ́n, kí á tó wá sọ àtẹ́lẹsẹ̀ tó kú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ ní òyìnbó bí mo ṣe gbọ́ ọ, pé egungun orúnkún ń ro ó, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì sùn, kò jí mọ́. Nọ́ọ̀sì dá bírò rẹ̀ dúró. Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ Màmá, ó yí ẹsẹ̀ náà sókè. Egbò kan wà nítòsí gìgísẹ̀, ó ti ń jinlẹ̀, Màmá kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó sáré pe dókítà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àtọ̀gbẹ ni.

Dókítà sọ fún ìyá mi pé orí ló kó wa yọ, pé irú egbò tí èèyàn kò mọ̀ lára bẹ́ẹ̀, bó bá pẹ́ sí i, ẹsẹ̀ ló máa ń gbà lọ. Ó béèrè ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀. Màmá kò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi ni." Mo ti gba ẹ̀bùn lórí pèpéle rí, mo sì ti gba púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí èyí tó tó ọwọ́ yẹn. Mo gbé àyà síwájú wọ ọkọ̀, mi ò sì gbé e sílẹ̀ títí a fi dé Gwarinpa.

Màmá kò lọ sílé ní oṣù yẹn mọ́. Ó dúró títí egbò fi jinná, a sì jọ sọ̀rọ̀ títí ó fi ń rẹ̀ ẹ́, tó ń ní kí n jẹ́ kí òun sinmi. Bàbá mi náà yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa sọ Yorùbá lórí oúnjẹ. Ẹsẹ̀ ara Màmá méjèèjì ló fi rìn lọ́pọ̀ ọdún sí i kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Gwarinpa náà ni mo ṣì ń gbé, mo sì ti ní ọmọ tèmi, Mojísọ́lá, ọmọ ọdún méje. Ayé ti yàtọ̀. Ọmọ kankan kì í kúnlẹ̀ nítorí Yorùbá mọ́ ní ilé ìwé tirẹ̀. Ìwé wọn ní àwòrán aláràbarà, fóònù náà sì ń kọ́ni. Nígbà tiwa, ètò iṣẹ́ kéré, àkókò náà kéré. Ní tiwọn, ètò iṣẹ́ ti tóbi, òwe wà nínú rẹ̀, oríkì wà, gírámà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ogójì ìṣẹ́jú, ni wọ́n ṣì ń kọ́ ọ. Mojísọ́lá lè ka ohun tí ọ̀rọ̀-orúkọ jẹ́ fún yín láìsinmi. Kó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, kò lè sọ ọ́. Mo gbé ẹjọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé wọn, mi ò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí ó fi pín ogójì ìṣẹ́jú náà sí mẹ́wàá mẹ́wàá lọ́jọ́ mẹ́rin. Ní Ọjọ́rú, èmi fúnra mi ni mo máa ń lọ tẹ́ ẹní. Mo pe Àńtí Bámigbóyè ní Kàbbà, níbi tó fẹ̀yìn tì sí, láti ròyìn fún un. Ó bi mí bóyá a ti dé ẹsẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n fi àádùn ránṣẹ́ sí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́, Mojísọ́lá dé ìdí agolo. Kò pẹ́ tó fi fọwọ́ di ikùn mú wá bá mi ní ilé ìdáná, omijé wà lójú rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, inú ń run mí."

Mo gbá a mọ́ra, ẹ̀rín gbà mí, ẹkún náà gbà mí. Ó bínú, ó ní ṣé mi ò gbọ́ ohun tí òun wí ni. Ọkọ mi gbọ́ ariwo wa láti pálọ̀, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo nu ojú mi kí n tó lè dá a lóhùn.

Mo ní, "Inú ń run ọmọ wa, inú mi sì ń dùn."